Ahọ́n Inú Fírísà

Ìgbà kẹta tí wọ́n sún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Vernelle Capers síwájú ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tutù bí ẹsẹ̀ òkú.

Ó sì mọ bí ẹsẹ̀ òkú ṣe ń tutù. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń wẹ òkú, tó ń fá irùngbọ̀n fún ọkùnrin, tó ń di irun fún obìnrin, nílé ìtọ́jú òkú Màmá Orlean Polite ní erékùṣù St. Helena. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó rà nítorí ìpàdé náà, ó ti jókòó sínú mọ́tò, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó kù kó kọjú sí ìlú Columbia, ìrìn wákàtí méjì àbọ̀. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀.

"Ìyáàfin Capers, ẹ má bínú. Nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìpàdé òní kò ní lè wáyé. Màá kàn sí yín. Corliss Etheridge."

Corliss Etheridge ni obìnrin tó ń bá ọsibítù ńlá kan ní Columbia wá òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ ò ju kí èèyàn máa tọ́jú ìwé ìbí àti ìwé ikú lọ, nínú yàrá tó ní fèrèsé, láàárín àwọn tó ṣì ń mí. Nígbà àkọ́kọ́, Corliss ní mọ́tò òun kọ̀, kò ṣí. Nígbà kejì, iná ló lọ ní gbogbo ilé náà. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, "nǹkan ṣẹlẹ̀" nìkan ló sọ, kò sọ nǹkan ọ̀hún.

Vernelle jókòó sínú mọ́tò, ó fèsì. "Ìyáàfin Etheridge, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Kò sí wàhálà rárá. Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ló rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀meje. Ó yọ "ẹ jọ̀wọ́" kúrò, ó tún dá a padà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í bínú. Ìbínú rẹ̀ ló ń sọ di ẹ̀rín músẹ́ lórí ìwé.

Ìgbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló rí i pé òun ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òsì òun wà. Ó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ náà funfun lábẹ́ èékánná. Owó fàdákà wẹ́wẹ́ kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ yẹn, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ lu ihò sí, tó fi okùn so mọ́ ọn láti kékeré. Lálẹ́ àná tó wẹ̀, funfun ló ń tàn. Láàárọ̀ yìí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó fi àtàǹpàkò nù ún, kò mọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ gùn. "Bó bá dúdú," ló máa ń sọ, "ẹnì kan ti gbé orúkọ rẹ kalẹ̀."

Ta ni, nígbà tí kò sí ẹ̀dá alààyè kan ní erékùṣù náà tó mọ̀ pé òun ń wáṣẹ́?

*

Màmá Orlean mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Vernelle ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n má tíì pe ọ̀gá òun. Corliss ò rí i. Ó pe ilé ìtọ́jú òkú náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo kékeré. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀rí ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu yín nípa Vernelle Capers."

"Vernelle?" ni Màmá Orlean wí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Nǹkan kan gún un láyà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. "Ọmọ mi ni. Ẹni tó bá rí i gbà ti rí ayé gbà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín? Mo ti darúgbó, mo fẹ́ kọ ọ́ kó pé."

Corliss fi ẹ̀rín pè é fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Màmá Orlean kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ọjọ́ kejì, ó ra ahọ́n màlúù lọ́wọ́ alápatà. Ó là á láàárín bí ẹni ń la àpò, ó ki ìwé náà sí i, ó da ata sí i, ó da álọ́ọ̀mù tó ń súnki ẹnu sí i, ó sì pa ètè ahọ́n náà dé. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló fi gún un pọ̀. Ó fẹnu sún mọ́ ọn bí ẹni ń kẹ́ ọmọ.

"Corliss Etheridge, ọ̀rọ̀ gbogbo lẹ́nu rẹ kó máa ṣàn. Èyí tó bá kan Vernelle nìkan ni kó dì. Kó dì bí omi ṣe ń dì."

Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ fírísà nínú yàrá òtútù, lábẹ́ yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú òdòdó. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, sí ìhà àbàtà tí omi òkun ti ń fà kúrò. Nǹkan míì wà níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, tó ti pẹ́ ju ahọ́n lọ. Ó mi orí sí i, bí aládùúgbò ṣe ń kí aládùúgbò.

*

Vernelle mú sùúrù ọjọ́ méjì, kí wọ́n má baà ní ojú ń kán an. Lọ́jọ́ Àìkú, ó tún kọ ímeèlì kan, kò rí èsì. Lọ́jọ́ Ajé, ó pè.

"Háà, Ìyáàfin Capers!" ni Corliss wí. "Ẹ̀yin gan-an ló wà lọ́kàn mi. Ẹ má bínú sí gbogbo ìsúnsíwájú yìí. Inú mi dùn láti sọ fún yín pé wọ́n ti gbà kí—"

Ó dákẹ́.

"Ẹ ń gbọ́ mi?" ni Vernelle bi í.

Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ ẹran tútù tí kò ṣeé gé. Ó gbọ́ èémí, ó gbọ́ ìró àga tó ṣubú. Lẹ́yìn náà, fóònù kú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ímeèlì dé. "Ẹ má bínú. Ahọ́n mi wú. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan. Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan. Àfi tí mo bá fẹ́ pe orúkọ yín. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí yín."

Vernelle kà á lórí ìdúró. Òtútù ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gun orúnkún.

*

Obìnrin kan wà ní Beaufort tó ń jẹ́ Rozell Mungin. Ilé ìfọṣọ ló ń bójú tó, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ẹ̀rọ fọ aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ti mọ́ tí ẹni tó ni ín kò tíì lọ, gbogbo ìlú mọ̀ pé oògùn ló dúró gbà. Vernelle dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn kan náà. Ẹ̀rọ mẹ́fà ń pariwo. Rozell ń ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì.

"Di etí kan mú fún mi," ló wí, kò tiẹ̀ kí i. "Fà á. O ò jẹun ni? Ìwọ tó ń wẹ òkú, ọwọ́ rẹ rọ̀ báyìí?"

"Àǹtí Rozell, wọ́n dì mí."

"Mo rí bó o ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ wọlé. Mo rò pé bàtà tuntun ni." Ó wo owó fàdákà náà, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìgbà mélòó lo ti gbìyànjú láti kúrò ní erékùṣù yẹn?"

Kò sí ẹni tó bi Vernelle léèrè yẹn rí. Ó ronú. Ilé-ìwé kan gbà á ní Atlanta nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ibà mú un lọ́jọ́ tí ó ń lọ, ọkọ̀ dá a padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alvin Bryan fẹ́ gbé e níyàwó lọ sí Jacksonville. Òun àti Alvin jọ wà nínú mọ́tò nígbà tí Alvin tẹ bíréèkì lójijì, tó ní òun ò lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ojú Vernelle ti ń ba òun lẹ́rù.

"Níbo ló ti tẹ bíréèkì?"

"Lórí afárá."

"Níbo ni ibà ti mú ọ?"

Vernelle jọ̀wọ́ etí ṣíìtì náà. "Lórí afárá."

"Afárá tó kọjá Beaufort lọ ni okùn rẹ parí sí nìyẹn. Wọ́n ti bu erùpẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ òsì rẹ tẹ̀, wọ́n sin ín síbì kan, ó ti pẹ́." Rozell gbé ṣíìtì tó ká kalẹ̀. "Má wulẹ̀ wá ọ̀tá kiri. Ìkórìíra kì í pẹ́ rà. Ohun tó lè pẹ́ tó báyìí, ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni."

"Ẹ bá mi tú u."

"Ti ẹsẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó sin ín ló mọ ibi tó sin ín sí. Ti obìnrin Columbia yẹn, mo lè fún ọ ní nǹkan tó ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn." Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mú egbò igi kan jáde, kò gùn ju ìka lọ, ó ń ta sánsán bí ata ilẹ̀. Ó tún fún un ní bíríkì pupa lílọ̀ nínú ọ̀rá, kó bu sí ẹnu ọ̀nà kí ibi má wọlé. "Fi eyín rún un, tu omi rẹ̀ sí ọ̀nà Columbia, kó o tó pè. Máa fi ìyókù sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ìwọ á máa fà níhìn-ín, ẹni yẹn á máa fà lọ́hùn-ún. Ẹran ara ló sì wà láàárín."

Ó yẹ kí Vernelle béèrè ẹran ara ta ni. Kò béèrè. Ó ti ki egbò náà sí àpò.

*

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣe bí wọ́n ṣe wí. Fóònù ò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí Corliss fi gbé e.

"Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá. Àjà kẹta. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí yín dání."

"Ẹ ṣeun, mà! Ẹ ṣeun gan-an ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé rédíò sókè, ó tún aṣọ òkú méjì ṣe kó tó di ọ̀sán, orin ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní aago méjìlá, fóònù dún.

"Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá. Àjà kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti gbọ́."

Ní aago kan, ó dún. Ní aago méjì, ó dún. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, kò gbéra, kò sọ̀ kalẹ̀. Ní aago mẹ́ta, ẹkún wà nínú rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá. Ìyáàfin Capers, kì í ṣe èmi ni mò ń sọ ọ́. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mò ń sọ ọ́ nígbà tí mò ń fọ abọ́. Mò ń sọ ọ́ nígbà tí mò ń wakọ̀. Nǹkan ń dì í mú, nǹkan ń tì í jáde, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ ahọ́n mi. Kí lẹ ṣe sí mi?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan," ni Vernelle wí. Egbò náà wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

*

Màmá Orlean ṣí fírísà lóru mọ́jú Ọjọ́rú, ó bá abẹ́rẹ́ mẹ́ta nílẹ̀. Ahọ́n náà ti wú, ó fẹ́ ya. Ó mú abẹ́rẹ́ náà, ó gún wọn padà, ó tẹ̀ wọ́n wọlé títí orí wọn fi rì sínú ẹran.

Lọ́sàn-án, ó pe Vernelle wá jẹun. Ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú edé àti akàn, ìrẹsì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tábìlì funfun ló tẹ́.

"Jókòó, ọmọ mi. Ọ̀la, aago mọ́kànlá, a ó sin Díákónì Heyward. Ìdílé rẹ̀ ní ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́ láṣọ."

"Màmá, mi ò ní sí nílé lọ́la."

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ rí dókítà eyín."

"Eyín." Màmá Orlean bu ọbẹ̀ sí abọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyẹn ló jẹ́ kó o máa rún nǹkan lẹ́nu láti àná. Jẹun."

"Ebi ò pa mí."

"Ọdún mẹ́rìnlá lebi ti ń pa ọ́ nídìí tábìlì yìí. Òní ló yó?" Ó tẹjú mọ́ bàtà Vernelle, níbi tí nǹkan pupa ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. "Bíríkì ta lo ń tẹ̀ kiri? Ta lò ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

Vernelle fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Àgbà obìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì, ọwọ́ tó gbẹ, tó gbóná.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Philadelphia gba méjì, Detroit gba ẹ̀kẹta, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ta ló máa wẹ̀ mí, Vernelle? Ṣé àwọn àjèjì tó ń gbọ̀n lára òkú? Ìwọ nìkan ni mo fẹ́." Ó fi ẹ̀rín sí i. "Ohùn obìnrin Columbia yẹn dùn o. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló yé Vernelle. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó rántí aṣọ tí Màmá Orlean rà fún un lọ́jọ́ ìbí, oògùn tó fún un mu nígbà ibà ọjọ́sí, ejìká tó gbé fún un sunkún sí nígbà tí Alvin lọ. Ọwọ́ kan náà ni.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan pè é. Ó ní Grady Etheridge lòun, ọkọ Corliss.

"Mi ò mọ̀ yín," ló wí, "mi ò sì fẹ́ mọ̀ yín. Ìyàwó mi ò jẹun láti àná. Ahọ́n rẹ̀ ń ya láàárín, dókítà ń wò ó bó ṣe ń ya, kò mọ ohun tó ń fà á. Orúkọ yín ló ń pè, tó ń gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ fi sílẹ̀."

Vernelle wakọ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ kó tó di pé Rozell ti ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ fi sílẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ tu egbò yìí dànù."

"Bó o bá tu ú dànù, ti ẹnì kejì á borí. Obìnrin yẹn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Bó o bá sì dì í mú, á ya." Rozell jókòó sórí àpótí ọṣẹ. "Adìẹ bà lókùn. Àfi kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ náà ló yẹ kó fà á yọ."

"Tí kò bá fẹ́?"

"Ẹlòmíì lè fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í wọlẹ̀. Á wá ibi tó máa gbé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ohun tó bá ń mú ọ̀rọ̀ dì, ibi tútù ló máa ń wà. Ibo ló tutù nílé yín?"

Vernelle rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Àǹtí, ilé òkú ni. Ibo ni kò tutù?"

*

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀. Ó wọ yàrá òtútù tòun ti kóòtù eérú rẹ̀ lọ́rùn. Díákónì Heyward wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun. Vernelle ṣí fírísà, ó kó yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kan ìwé ìròyìn.

Kò tíì rí nǹkan tó burú tó ìyẹn rí, òun tó ti rí òkú omi. Ahọ́n náà ń mì. Inú yìnyín ló wà, ó sì ń mì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi."

Màmá Orlean dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ àwọ̀sùn. Irun funfun rẹ̀ ò tíì dì.

"Ẹ fà á yọ, Màmá. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ yín."

"Pè é nísinsìnyí. Sọ fún un pé o ò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́. Gbogbo abẹ́rẹ́ náà á yọ fúnra wọn kí n tó dé ìdí fírísà."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Ibo lẹ sin ín sí?"

Àgbà obìnrin náà yíjú kúrò lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé, sí gbogbo àbàtà yẹn, tí kò lópin, tí omi ti kún bò ó.

Vernelle tu egbò náà sílẹ̀. Ó di orí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ mú, ó fà á yọ.

Adùn irin kún ẹnu rẹ̀.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀!" ni Màmá Orlean kígbe. "O ò mọ ohun tó wà níbẹ̀!"

Ó fa ẹ̀kejì. Ó fa ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, eyín rẹ̀ ti tutù dé gbòǹgbò. Nígbà tó dé ìkẹjọ, ètè rẹ̀ ò mọ ara wọn mọ́. Ó ku ẹyọ kan. Ó na ahọ́n màlúù náà sí Màmá Orlean. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wí hàn: ẹ fa èyí fúnra yín. Ẹ gbà mí.

Màmá Orlean na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kan orí abẹ́rẹ́ náà. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé ó máa fà á. Lẹ́yìn náà, ó ká ìka rẹ̀ kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó ọwọ́ náà sábẹ́ abíyá.

Vernelle fa ẹ̀kẹsàn-án.

Fóònù dún. Ó gbé e sétí.

"Ìyáàfin Capers?" Ohùn Corliss ni, ó há, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. "Ẹ gbọ́ mi? Mo pe orúkọ yín! Capers, Capers, Vernelle Capers! Ọlọ́run mi o. Wọ́n ní kí n sinmi lónìí, mo kọ̀. Mo fẹ́ fojú rí yín. Ẹ ń bọ̀, àbí?"

Vernelle la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú yìnyín. Kò sí ìró kankan. Ó tún gbìyànjú. Ó tẹ fóònù náà pa.

"Ṣé o rí i?" ni Màmá Orlean wí jẹ́jẹ́, ó ń nu ojú rẹ̀. "Ta ló ń fọ̀rọ̀ wá odi lẹ́nu wò? Bọ́ kóòtù yẹn. Jẹ́ kí n se àgbàdo lílọ̀ fún ọ, pẹ̀lú bọ́tà, bó o ṣe fẹ́ ẹ. A ní Díákónì láti wọ̀ láṣọ."

Vernelle wo tábìlì náà. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àgbà obìnrin náà kọjá.

*

Nígbà tó dé àárín afárá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú pátápátá, láti ọmọ ìka dé ìbàdí. Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lù ú. Ojú rẹ̀ ṣú. Nǹkan kan tó lágbára bí ìgbà tí omi òkun bá ń fà ń wọ́ ọ sẹ́yìn láti inú àga, tó fi jẹ́ pé bẹ́líìtì mọ́tò náà há mọ́ ọn láyà. Akẹ́rù kan ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fẹ́ pariwo, kò lẹ́nu. Ó wá rántí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni òun fi ń wakọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bu erùpẹ̀ ti ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

*

Agbòjò ló fi ṣe ọ̀pá títí ó fi dé àjà kẹta. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Corliss Etheridge jẹ́ obìnrin tín-ínrín tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, ètè rẹ̀ ti sán. Ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó di ọwọ́ náà mú pẹ́. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan nǹkan kan.

Ó jókòó, ó ṣí fáìlì, ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́ bó ti ń kà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

"Ìyáàfin Capers, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ tí ẹ wà báyìí?"

Vernelle la ẹnu. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Aago ara ògiri ń dún. Ó rí i pé ọ̀sẹ̀ gbogbo tí òun fi ń kọ̀wé, tí òun ń pè, tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún wákàtí kan péré, wákàtí náà nìyí, ó ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

Corliss wo ètè rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni ń wo ilé tó ti gbé rí. Ó rọra dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí fọ́ọ̀mù náà sí ẹ̀yìn tí kò ní nǹkan kan, ó tì í síwájú Vernelle pẹ̀lú bírò tirẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́," ló wí. "Mo ní àyè títí di ìrọ̀lẹ́."

Ó rí iṣẹ́ náà gbà nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ ò padà títí Kérésì fi dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì padà rárá. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tíì mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ Màmá Orlean. Nígbà tí ojú ìwé náà kún, Corliss fà á mọ́ra, ó kà á tán láìgbójú sókè, ó sì gbé òmíràn síwájú rẹ̀.